Orúkọ Tí Alhaja Ní Kí N Mú Wá

Ohùn Bàbá Rámátù ń jáde láti ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń pe ìrun àílà. Ní àkókò yẹn gan-an ni òfì Bàbá Rámátù ń dún lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń hunṣọ. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo tún fetí sílẹ̀, nítorí n kì í fẹ́ tètè gba ohun tí etí mi bá kọ́kọ́ sọ. Gbogbo òfì ló ní ohùn tirẹ̀. Ti Bàbá máa ń ké bí òròmọdìẹ tí kò rí ìyá rẹ̀, torí pé òkèkè rẹ̀, ìyẹn igi róbótó tí okùn ìtẹsẹ̀ ń gba orí rẹ̀ lọ tó ń gba orí rẹ̀ bọ̀, ti gbó. Òfì mìíràn kì í ké bẹ́ẹ̀. Bàbá ni ládàánì mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa, ohùn wọn ni mo sì ń gbọ́ yìí. Ta ló wá jókòó sí òfì wọn?

Mo dìde ní yàrá kékeré tí mo fi ṣe ọ́fíìsì. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan súfèé. Nígbà tí mo yọ sábẹ́ àtíbàbà, òfì Bàbá ti dákẹ́, kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀, àwọn ahunṣọ yòókù sì gbájú mọ́ iṣẹ́ bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá. Ọ̀kan nínú wọn, Bọ̀dá Kàmọ́rù, ń fi etí ẹ̀wù nu òógùn ojú.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì kírun?" ló bi mí.

"Mo fẹ́ kí i báyìí. Ta ló súfèé?"

"Ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ wo?"

"Ẹyẹ Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin ará Ṣakí ò ní irú ẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo padà sí yàrá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú olè tí wọ́n ń jà.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Lẹ́yìn tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán tí iṣẹ́ kò yọjú, Alhaja kan ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ní kí n wá máa bójú tó ilé iṣẹ́ aṣọ òkè wọn. Mi ò mọ aṣọ hun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Bọ̀dá Kàmọ́rù, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tó ti níyàwó tó sì ti bímọ, wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n hun?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tà?"

"Mi ò tà á rí."

"Kí lẹ wá mọ̀?"

"Ìṣirò."

Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá Oníṣirò ni Alhaja gbé wá o. Kí kálukú yáa ka ìka ọwọ́ ẹ̀ kó tó máa lọ sílé."

Orúkọ yẹn mọ́ mi lórí. Kò bí mi nínú. Ó kéré tán, òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá sún mọ́ iṣẹ́ yìí lè rò pé bí aṣọ òkè ṣe fẹ̀ lára èèyàn ló ṣe ń jáde láti orí òfì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, ni ahunṣọ kọ̀ọ̀kan ń hun, aránṣọ wa tó ń jẹ́ Ìyá Wàsíù ló sì ń rán àwọn ọ̀já náà mọ́ ara wọn. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá le jù tàbí tó dẹ̀ jù, ọnà ara ọ̀já rẹ̀ kò ní bá ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pàdé, aṣọ náà á sì dà bí ẹ̀wù tí wọ́n ṣi bọ́tìnnì rẹ̀ dè. Bí ahunṣọ bá parí ọ̀já kan, orí okùn tirẹ̀ lára ògiri ló máa ń fi í kọ́ sí. Kò dìgbà tí èèyàn bá kàwé kó tó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ojú lásán ti tó.

Nígbà tí mo ti lo oṣù díẹ̀, Alhaja rán mi lọ sí Ìbàdàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bó ṣe lè mọ irú aṣáájú tí òun jẹ́, kó sì tún un ṣe. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè, a dáhùn, olùkọ́ náà wo ìdáhùn mi, ó ní aṣáájú tó ń gbọ́ tẹnu ọmọṣẹ́ ni mí. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n bi, èmi náà ni mo dáhùn. Ta ni yóò se ọbẹ̀ tán tí yóò sọ pé kò dùn? Mo rò ó pé bí mo bá fẹ́ mọ òótọ́, àwọn tí mò ń darí ló yẹ kí n bi. Mo padà dé Ìsẹ́yìn, mo ń pè wọ́n wọ yàrá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi wọ́n pé irú ọ̀gá wo ni mí.

"Ẹ dáa, ọ̀gá," ni gbogbo wọn wí.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ̀, tí wọn ò fi díẹ̀ kún un tí wọn ò yọ díẹ̀ kúrò, ó jọ ohun tí wọ́n ti jọ ṣètò nílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Mi ò tíì dàgbà, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń lo oògùn náà.

Ohun tó jẹ́ kí òfì tó ń ké yẹn ká mi lára jù ni pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́ ọ, Alhaja sì ti wá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n rìn lọ sídìí ògiri, wọ́n wo àwọn okùn, wọ́n sì bá mi wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Òwú ti wọ́n," ni wọ́n wí. "Mi ò lè gbé gbogbo òfì yìí mọ́. Ẹnì kan ní láti lọ."

"Ta ni, Alhaja?"

"Kàmọ́rù ni mò ń wò. Okùn ẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń wà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, ìwọ lo sì kàwé. Mú orúkọ wá fún mi ní Ọjọ́bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Òótọ́ ni, okùn Bọ̀dá Kàmọ́rù gbẹ, ọ̀já orí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó sì rú mi lójú ni pé òun ló yá lọ́wọ́ jù nínú gbogbo wọn. Níbo ni àsìkò rẹ̀ ń lọ? Nígbà tí òfì Bàbá wá ń dún láìsí Bàbá nídìí rẹ̀, mo rò pé mo ti rí ìdáhùn: Kàmọ́rù ń fi òwú wa hun aṣọ ara rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, lẹ́yìn tí àwọn ahunṣọ ti lọ, mo yẹ òwú wò. Kò dín. Bóyá láti ilé ló ń mú òwú tirẹ̀ wá? Mo lọ wo aṣọ tó wà lórí òfì Bàbá. Iṣẹ́ tiwa ni, ọnà tiwa náà ni. Ṣùgbọ́n aṣọ náà dára ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Láàárọ̀, mo ti rí ibì kan tí etí rẹ̀ ti wọ́. Nírọ̀lẹ́, ó gún régé. Olè tó ń tún ohun olóhun ṣe, mi ò kà nípa irú rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo lọ bá Ìyá Wàsíù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

"Mà, ọwọ́ yín ni ọ̀já gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan lára ti Bàbá Rámátù?"

"Bíi kí ni?"

"Ó dà bíi pé ọwọ́ méjì ló ń hun ún."

Wọn ò gbójú sókè. "Ta ló ń fi ọwọ́ kan hunṣọ?"

"Ìyá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sì ní dá ọ lóhùn." Wọ́n fi eyín gé òwú. "Èyí tí mo lè sọ fún ọ nìyí. O bi wá níjelòó irú ọ̀gá tó o jẹ́. Bó o bá wọlé, o kì í wo ojú wa. Ọwọ́ wa lo máa ń wò. Ẹni tó bá sì ń wo ọwọ́ èèyàn, olè ló ń wá."

Ó wù mí kí n sọ pé ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ojú. Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwọ̀n, ó wúwo ju ti olùkọ́ Ìbàdàn lọ, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ kò ní èrè kankan tí yóò jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, kò dáhùn ìbéèrè mi, ọ̀la sì ni Alhaja ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Kàkà kí n kírun nínú yàrá mi, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kírun lóòótọ́, àmọ́ ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé mo fẹ́ mọ ohun tó máa ń dá Bàbá dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, Bàbá jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń fa tèsùbáà. Mo súnmọ́ wọn. Láti ẹ̀yìn ògiri, a ń gbọ́ òfì tó ń ké.

"Bàbá, mo gbọ́ òfì yín."

"Èmi náà gbọ́ ọ."

"Ta ló wà nídìí ẹ̀?"

"Àwọn ọmọ mi." Wọn ò dá ọwọ́ dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. "Gbogbo àwọn tó o rí lábẹ́ àtíbàbà yẹn, èmi ni mo kọ́ wọn níṣẹ́. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán yẹn, bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, ṣe ló ń dà pọ̀. Bí mo bá ti jáde, wọn á tú ibi tí mo bá bà jẹ́, wọn á tún un hun."

"Kí ló dé tí wọn kì í ṣe é níṣojú yín?"

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n ní ìdí tí ọmọ kì í fi í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. "Ọmọṣẹ́ kì í tú iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ lójú ọ̀gá. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń gbé e gbà kí ojú má bàa tì mí. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn pé ẹ mọ̀."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní lè ṣe é mọ́." Wọ́n gbé tèsùbáà náà sókè díẹ̀. "Àbí o rò pé àdúrà nìkan ló ń mú mi pẹ́ tó báyìí? Mo máa ń kà á tán, mo máa ń tún un kà, kí ọwọ́ wọn lè dilẹ̀."

Mi ò gbà á lójú ẹsẹ̀. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ara rẹ̀, pàápàá bó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dín òfì kù. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti rí ló bá ọ̀rọ̀ wọn mu: òwú tí kò dín, etí aṣọ tó wọ́ láàárọ̀ tó gún nírọ̀lẹ́, òógùn ojú Bọ̀dá Kàmọ́rù. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́ fún mi lónìí, Bàbá?"

"Torí pé láti ìjẹta lo ti ń kí mi bí ẹni tó ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ojú mi ò rí òwú dáadáa mọ́, àmọ́ ó ṣì ń rí èèyàn. Ta ni Alhaja fẹ́ lé?"

Alhaja ní kí wọ́n má gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń gba òótọ́ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, mo sì ń di tèmi mọ́ àpò.

"Wọn ò tíì mú ẹnì kan. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Kàmọ́rù ni okùn ẹ̀ gbẹ jù."

Ìka Bàbá dúró. "Kàmọ́rù?"

"Ó jọ pé òun ló ń pẹ́ jù nídìí òfì yín."

"Mo rò pé wọ́n ń pín in ṣe ni," ni wọ́n wí. Mo dìde láìmọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìjókòó òun ló fẹ́ gba ìjókòó ẹlòmíràn lè dìde. Ó sì lè tún ìdí mú mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ti rí àgbà tó ṣe èkejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá lọ pe ìrun. Mo dúró títí òfì wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo wá rìn wọ abẹ́ àtíbàbà. Ẹnì kan súfèé, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Bọ̀dá Kàmọ́rù ti ń gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó Bàbá.

"Ẹ má dìde," ni mo wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Kò dìde, kò sì bá a lọ. Mo fa àpótí kan, mo jókòó síwájú wọn, mo sì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó nira fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

"Alhaja ń bọ̀ lónìí. Wọ́n fẹ́ dín òfì kan kù, wọ́n sì ní kí n mú orúkọ ẹni tó máa lọ wá. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Mo sọ ọ́."

Bọ̀dá Kàmọ́rù ní, "Èmi ni."

"Bó bá jẹ́ okùn nìkan la máa wò, ẹ̀yin ni."

"Ẹ sì ti mọ ohun tó gbẹ okùn mi?"

"Láti àná."

"Kẹ́ ẹ tó mọ̀ ńkọ́? Olè lẹ pè mí."

"Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀. Mo rò ó."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ lójú ẹni tí wọ́n ń rò ó sí?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" ni mo bi í.

"Ẹ ò bi mí. Ṣe lẹ̀ ń ṣọ́ mi. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ kì í rojọ́." Ó gbé ọ̀kọ̀ tó fi ń fa òwú kọjá sílẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, ọ̀gá. Bàbá ló fún mi níṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò lè dójú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi náà ti ń bi mí pé kí ni mò ń fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ ṣe níbí."

Ibẹ̀ la wà tí òjìji kan fi bo ẹnu àtíbàbà. Bàbá Rámátù ni. Wọn ò ṣe àdúrà gígùn lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Kàmọ́rù fò dìde, òwú sì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Jókòó," Bàbá wí.

"Bàbá, mo kàn ní kí n bá yín..."

"Mo ní kó o jókòó. So òwú tó já yẹn." Wọ́n bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà. "Etí ọ̀tún yìí wọ́. Èmi ni mo hun ún láàárọ̀. Tú u."

Bọ̀dá Kàmọ́rù wo aṣọ, ó wo Bàbá. "Níṣojú yín?"

"Níṣojú mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Òwú náà ń jáde ní díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wò, kò sì sẹ́ni tó lè gbójú kúrò. Báyìí ni Alhaja bá wa nígbà tí wọ́n wọlé.

"Kàmọ́rù, kí lò ń ṣe lórí òfì ọ̀gá ẹ?" Kó tó dáhùn, wọ́n yíjú sí mi. "Orúkọ tí mo ní kó o mú wá dà?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n wà níwájú yín. Bí èmi bá sọ ọ́, ẹ lè rò pé mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan."

"Mo ní kí wọ́n má gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo sọ fún wọn."

Ojú wọn le. Bàbá ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Alhaja, òfì tèmi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tú. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń rí lórí okùn mi, ọmọ yìí ló ń bá mi tún ọ̀pọ̀ ẹ̀ ṣe. Òun ló jẹ́ kí tiẹ̀ gbẹ."

Alhaja ò tètè gbà á, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti jọ gbìmọ̀ pọ̀, ẹ̀yin ọkùnrin yìí?" Wọ́n ní kí Bọ̀dá Kàmọ́rù hun díẹ̀ níwájú àwọn. Wọ́n mú ọ̀já kan láti orí okùn Bàbá, òmíràn láti orí okùn Kàmọ́rù, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Wàsíù. Ìyá Wàsíù fi wọ́n lé ara wọn, wọ́n ní, "Ọwọ́ kan náà ni." Ìgbà yẹn ni wọ́n dáhùn ìbéèrè tí mo bi wọ́n ní Ọjọ́rú.

Wọ́n tú òfì Bàbá kúrò lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí, ìta gbangba ni Bàbá wà, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú mọ́ èèkàn kí ahunṣọ tó gbé e sórí òfì. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ẹsẹ̀ ju ojú lọ ni, ọmọṣẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi sídìí rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ó dáa. Mo ní, "Bàbá, mi ò gbà yín gbọ́ tán." Wọ́n ní kí n padà wá bi àwọn lẹ́yìn ọdún Iléyá. Mo máa bi wọ́n.

Alhaja ò tíì gbàgbé pé mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n má sọ. Wọn ò tún rán mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìfura náà ò sì kúrò lára mi. Mi ò rò pé ó yẹ kó kúrò, nítorí pé nǹkan wà tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi lóòótọ́, etí mi ò sì parọ́. Ohun tí mo yí padà ni ibi tí mò ń gbé ìfura lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mò ń gbé e dúró sí. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tí mo bá fura sí ni mo kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń bínú sí mi. Mo fara mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí àwọn yòókù ṣe ń lọ sílé, Bọ̀dá Kàmọ́rù dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kò wọlé.

"Ọ̀gá, ká ní Bàbá ò tètè dé, tí Alhaja dé bá wa bá a ṣe wà yẹn, orúkọ ta lẹ ì bá pè?"

Ó wù mí kí n fún un ní ìdáhùn tó máa dùn mọ́ ọn nínú.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

"Ó dáa. Ká ní ẹ sọ pé tèmi kọ́ ni, ǹ bá mọ̀ pé ẹ̀ ń parọ́ fún mi, ǹ bá sì ti wá òfì síbòmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́." Ó gbé bàtà rẹ̀, ó kí mi pé ó di àárọ̀ Àbámẹ́ta, torí a kì í hunṣọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì lọ.